Báwo ni ẹbí jíìnì kan ṣe ń gba wọ́tàmẹ́lọ́nì àti ẹ̀gúsí lọ́wọ́ iyọ̀ inú ilẹ̀?

Tí ewé wọ́tàmẹ́lọ́nì bá ń gbẹ láti etí wá sí àárín, tí omi sì wà nílẹ̀, kòkòrò ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kọ́kọ́ máa ń fura sí. Nígbà mìíràn, iyọ̀ ló fà á.

Ní àwọn oko tí wọ́n ń bomi rin nígbà ẹ̀rùn ní àríwá Nàìjíríà, oòrùn máa ń fa omi lọ, àmọ́ kì í fa iyọ̀ tó wà nínú omi náà. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, iyọ̀ á máa pọ̀ sí i, pàápàá níbi tí omi kò ti rí ọ̀nà ṣàn jáde.

Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún ọ̀gbìn?

Lákọ̀ọ́kọ́, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà bó ṣe yẹ. Lẹ́yìn náà, sódíọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ á bá omi gòkè sínú ewé, á sì gba ipò potásíọ̀mù tí ewé fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn ewé tó ti dàgbà ló sì máa ń kọ́kọ́ jóná.

Ibí yìí ni àwọn jíìnì tí wọ́n ń pè ní HKT ti wúlò. Àwọn ló ń sọ fún ọ̀gbìn bí yóò ṣe ṣe purotéènì kan tó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè. Iṣẹ́ oníbodè ló ń ṣe: yóò gba sódíọ̀mù bí ẹni gba ẹrù fàyàwọ́, yóò sì jẹ́ kí omi kọjá lọ sókè.

Wọ́n ń pè wọ́n ní ẹbí torí pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kì í jọra tán. Sódíọ̀mù nìkan ni àwọn kan ń gbé, àwọn mìíràn ń gbé potásíọ̀mù mọ́ ọn. Lára àlìkámà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí ọ̀kan nínú wọn ní 1994.

Àlìkámà yìí náà ló fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní 2012, àwọn onímọ̀ ní Australia ṣe àlàyé bí wọ́n ṣe mú jíìnì HKT láti ara ìbátan àlìkámà àtijọ́ kan, tí wọ́n sì fi ìsọdọmọ lásán, láìlo ọgbọ́n àyípadà jíìnì, gbé e sínú àlìkámà òde òní. Lórí ilẹ̀ oníyọ̀, ìkórè rẹ̀ fi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ju ti èyí tí kò ní in lọ.

Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tẹ àkójọ jíìnì mẹ́lọ́nì olóòórùn dídùn jáde, ó lé ní 27,000.

Ṣé àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró de irúgbìn tuntun ni? Rárá. Láti nǹkan bíi 1920 ni àwọn àgbẹ̀ ní Japan ti ń gé orí ọ̀gbìn wọ́tàmẹ́lọ́nì, tí wọ́n ń so ó mọ́ ìdí ọ̀gbìn mìíràn tó jẹ́ ìbátan rẹ̀. Àrùn inú ilẹ̀ ni wọ́n ń sá fún nígbà náà. Lónìí, ìdí elégédé ni ọ̀pọ̀ ń lò, torí gbòǹgbò elégédé máa ń há sódíọ̀mù mọ́lẹ̀, kò sì ní jẹ́ kó dé orí ewé. Jíìnì HKT wà lára ohun tó ń mú kó rí bẹ́ẹ̀.

Fún ẹ̀gúsí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Hóró ni àgbẹ̀ ń gbìn káàkiri oko, kò sì sẹ́ni tó lè máa so ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ ìdí elégédé, kó sì jèrè. Ti ẹ̀gúsí, àfi kí jíìnì náà ti inú irúgbìn wá.