Bí Owó Ìjọba Ṣe Dé Ìdí Àkìtàn

Ní ẹkù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìjù-Odò, níbi tí àwọn obìnrin ti ń fún epo pupa, mo bèèrè ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ọ̀rá omi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu tán ló wà lọ́wọ́ mi. Ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀kùrọ́ gbójú sókè, ó ní, “Pàǹtí wo, ọmọ mi?” Ó wá ń tọ́ka sí nǹkan inú ẹkù náà fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìhá tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ tán ni wọ́n fi ń dáná, òun náà ni wọ́n ń mọ ní ògùṣọ̀. Ẹ̀kùrọ́ ń lọ sọ́dọ̀ àwọn aládìn-ín. Èèpo rẹ̀ tó le, alágbẹ̀dẹ a máa wá a wá, torí iná rẹ̀ máa ń gbóná janjan. Ìdì ẹyìn tí wọ́n ti já ọmọ rẹ̀ tán, sísun ni wọ́n ń sun ún, eérú rẹ̀ ló ń di ọṣẹ dúdú. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí àwọn kò rí lò nínú ẹkù náà ni irú ọ̀rá tí mo mú dání yẹn.

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi wọ Òkìtìpupa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí àwọn àgbà Ìkálẹ̀, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ pàǹtí, báwo ló ṣe wá di ohun tí ìjọba ń ya owó sọ́tọ̀ fún? Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń sọ pé àfi kí àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ para pọ̀ kí owó ìrànwọ́ tó jáde?

Ìtàn ti inú ìwé kò gùn. Wolé-wolé ló kọ́kọ́ wà láyé òyìnbó, tí wọ́n ń yọjú sínú ìkòkò omi wá tanwíjí. Ìjọba ológun Buhari àti Idiagbon gbé WAI, ètò ìgbógunti ìwà àìníjàánu, dé ní 1984, ìmọ́tótó àyíká wọ inú rẹ̀ ní 1985, gbogbo ìlú sì ń gbálẹ̀ ní Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù. Wọ́n kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko ní ìpínlẹ̀ Bendel àtijọ́, àṣírí rẹ̀ tú ní 1988, ìyẹn ló sì bí FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo àyíká. NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, tẹ̀ lé e ní 2007. Láti orí wolé-wolé dé ìgbà náà, àṣẹ àti owó ìtanràn ni ará ìlú mọ̀ mọ́ ìjọba bó bá di ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí. Ìjọba ń pàṣẹ, ará ìlú ń gbálẹ̀.

Ibi tí owó ti wọ ọ̀rọ̀ náà ni àríyànjiyàn wà. Mo bá a pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Òkìtìpupa, láàárín olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ rí, àti ìyá kan tó ń ta gaàrí.

Olùkọ́ kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹlòmíràn ju ti Olusegun Agagu lọ. Ó ní ọmọ Ìkálẹ̀ ni, Ìjù-Odò ni wọ́n bí i sí ní 1948, onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta tó ti kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó di gómìnà ìpínlẹ̀ Oǹdó láti 2003 sí 2009. Nígbà tirẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 2006, ni ìjọba kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń sọ pàǹtí di ajílẹ̀ sí ọ̀nà Ìgbàtòrò ní Àkúrẹ́. Pàǹtí ọjà ló ń wọlé síbẹ̀ nígbà náà. Wọ́n á ṣa irin, ìgò àti ọ̀rá kúrò, wọ́n á kó ewé, èèpo iṣu àti ìgbẹ́ ẹran jọ ní òkìtì-òkìtì, wọ́n á máa bu omi sí i, wọ́n á máa yí i padà títí yóò fi jẹrà tán. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sì jọ̀ ọ́. Ìpele méjì ló ń jáde. Ti ìpele kìíní ni èyí tí wọ́n po èròjà ajílẹ̀ òyìnbó mọ́. Èyí tí wọn kò po nǹkan kan mọ́ ni ti ìpele kejì. Sunshine ni orúkọ tó wà lára àpò rẹ̀. Olùkọ́ ní àwọn àgbẹ̀ tó ti ń san owó gọbọi lórí ajílẹ̀ òyìnbó rí ohun tí wọ́n lè rà, ọmọ Ìkálẹ̀ ló sì fi han ìpínlẹ̀ Oǹdó pé owó wà nínú àkìtàn.

Ọkùnrin ìjọba ìbílẹ̀ mi orí. Ó ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ ti wá. Ní àwọn ọdún 1990 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ètò Sustainable Ibadan, tí àwọn ọlọ́jà, ìjọba, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti UNICEF fi jókòó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ omi àti ìdọ̀tí. Ọjà Bódìjà, níbi tí ìgbẹ́ màlúù àti ewé ti ń ga bí òkè, ni wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Pacesetter sí, Ọ̀jọ̀gbọ́n M.K.C. Sridhar ti yunifásítì náà sì wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí rẹ̀. Ó ní kí a tiẹ̀ wo orúkọ: Ọ̀yọ́ pe tirẹ̀ ní Pacesetter nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kì í, Oǹdó náà pe tirẹ̀ ní Sunshine. Ìpele kìíní àti ìpele kejì kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ta ni kò wá mọ ẹni tó wo ẹlòmíràn ṣe é?

Olùkọ́ dá a lóhùn pé ẹni tó gbé nǹkan wá sílé ni ará ilé ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohùn wọn ti ń ròkè nígbà tí ìyá onígaàrí dá sí i.

“Ẹ̀yin bàbá, ṣé ilé-iṣẹ́ la ń sọ ni, àbí owó tí wọ́n fi lé ará àdúgbò lọ́wọ́?” Ó ní ilé-iṣẹ́ ìjọba ni ti Àkúrẹ́ àti ti Bódìjà, ìjọba ló kọ́ ọ. Owó tó dọ́wọ́ ará ìlú gba ọ̀nà mìíràn wá, ìyẹn CSDP, ètò ìdàgbàsókè àdúgbò tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2009, tí ìpínlẹ̀ Oǹdó sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ètò yẹn ń lọ, ará àdúgbò á péjọ, wọ́n á kọ ohun tí wọ́n nílò sílẹ̀ fúnra wọn, wọ́n á yan ìgbìmọ̀ tí obìnrin wà nínú rẹ̀, wọ́n á ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n á sì fi ìdá kan nínú mẹ́wàá owó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ètò náà á mú ìdá mẹ́sàn-án tó kù wá, díẹ̀díẹ̀, bí iṣẹ́ bá ṣe ń lọ sí. Ọkùnrin ìjọba ìbílẹ̀ ní ẹ̀rọ omi, kíláàsì àti ilé ìwòsàn ni àwọn ará ìlú ń tọrọ nínú rẹ̀. Ta ló tọrọ pàǹtí? Ìyá náà ní ọ̀nà tí owó omi bá gbà wá, owó pàǹtí lè gba ibẹ̀.

Lójú tèmi, bí a bá ń sọ ti ọdún, Ìbàdàn ló ṣáájú. Bí a bá ń sọ ti Ìkálẹ̀, ìyìn olùkọ́ tọ́ sí ọmọ Ìjù-Odò. Ṣùgbọ́n ìyá onígaàrí ló fọwọ́ kan gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ń fa ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ sẹ́yìn kì í ṣe ẹ̀rọ, ọ̀rá tó wé mọ́ ewé ni. Bí ọ̀rá, bátìrì àti ìgò fífọ́ bá ti dà pọ̀ mọ́ èèpo iṣu nínú garawa ilé, owó àti òṣìṣẹ́ tí yóò tú u ká ní ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ lè ju iye tí ajílẹ̀ ọ̀hún yóò mú wá lọ. Inú ilé àti ìdí àtẹ ni a ti ń ya pàǹtí sọ́tọ̀, ìjọba kò sì lè rán òṣìṣẹ́ sí gbogbo ìdáná. Ìdí rèé tí owó ìrànwọ́ fi gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹni tí pàǹtí wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìlú mìíràn ti rí èyí. Ní Curitiba, ní Brazil, láti 1991 ni ìjọba ìlú náà ti ń ra èso àti ẹ̀fọ́ tí àwọn àgbẹ̀ ìtòsí kò rí tà, tí wọ́n sì ń fi í pààrọ̀: ẹni tó bá kó kílò mẹ́rin ike àti bébà wá á gba kílò kan oúnjẹ. Owó ìjọba kan náà ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, ó sì tún àdúgbò ṣe. Ní Èkó, Wecyclers tí Bilikiss Adebiyi-Abiola dá sílẹ̀ ní 2012 fi kẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń gùn ún wọ àwọn àdúgbò tí mọ́tò akólẹ̀ kì í dé, wọ́n ń wọn ike tí olúkúlùkù bá kó jọ, wọ́n sì ń fi ẹ̀bùn san án fún un.

Ní tiwa, ohun tí a ní ni a ń sọ nù. Ewé ni a fi ń pọ́n ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tẹ́lẹ̀. Bí a bá jẹun tán, ilẹ̀ á jẹ ewé. Lónìí, ọ̀rá ló gba gbogbo rẹ̀, òjò ń gbá a láti gọ́tà wọ odò, odò sì ń gbé e lọ bá àwọn apẹja Ìlàjẹ nísàlẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àti àáró náà ti ń tẹ̀ lé ewé lọ. Ọ̀pọ̀ ilé ní Òkìtìpupa ló gbà pé ìmọ́tótó ti parí bí wọ́n bá ti fún ọlọ́mọlanke lówó kí ó kó ilẹ̀ lọ síbi tí ojú àwọn kò ní tó. Ojú ẹlòmíràn wà níbẹ̀.

Mo gbà gbọ́ pé Ìkálẹ̀ lè ṣe é ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ, torí ìṣà-sọ́tọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tuntun fún ẹni tó bá dàgbà nídìí epo. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa àti Ìrèlè má bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ ríra. Kí wọ́n pe ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ àwọn alájẹṣẹ́kù àti Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà nílùú jókòó, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan dá ìdá tirẹ̀, kí ó sì fi ọjà kan tàbí òpópónà kan hàn tí ewé àti ike ti ń wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àdúgbò tó bá ti ṣe èyí ti kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ sí i. Kí ìjọba wá fi èyí tó kù lé e lọ́wọ́ kíákíá, láìsí alágbàtà láàárín.