Kọ̀ǹpútà Tó Ń Gbóná: Ẹ Má Tíì Sáré Ra Tuntun

Àwọn tó wá gba ìwé ìṣirò owó wọn ní ọ́fíìsì wa ní Ọ̀pẹ̀bí ní oṣù tó kọjá mọ ohun tí ojú wa rí. Bí kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ bá ti ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fáànù inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bí ẹ̀rọ ata, ẹ̀rọ náà á sì kú lójijì. Àwọn kan padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwọn mìíràn ń kùn pé bóyá àkọsílẹ̀ owó àwọn ti sọnù. A tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín.

Ẹni tí a kọ́kọ́ pè wá wò ó ní ẹ̀rọ náà ti parí iṣẹ́, kí a ra tuntun. Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti fi náírà sílẹ̀ kí ọjà máa sọ iye rẹ̀, owó ohun tó ń ti òkè òkun wá kì í ṣe ohun ẹ̀rín mọ́. Bí a bá ra kọ̀ǹpútà, inú àpò ẹ̀yáwó ni owó rẹ̀ yóò ti jáde, a jẹ́ pé àwọn tí orúkọ wọn ti wà lórí ìlà ẹ̀yáwó yóò tún máa dúró nìyẹn. Ni a bá ní kí a kọ́kọ́ wádìí. Nígbà tí a ṣe é tán, gbogbo owó tí a ná kò tó owó epo tí jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì ń mu lọ́sẹ̀ kan. Ohun tí a kọ́ ni a fẹ́ ṣàlàyé, nítorí a mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ní kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù.

KÍ LÓ Ń MÚ UN GBÓNÁ?

Nínú kọ̀ǹpútà orí tábìlì, ohun pẹlẹbẹ kan wà tí kò ju bisikíìtì kékeré lọ. Òun ni ọpọlọ rẹ̀. Iná tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń di ooru. Irin kan tó ní etí púpọ̀ jókòó lé e lórí láti fa ooru náà, fáànù sì ń fẹ́ ẹ kúrò lára irin. Láàárín irin àti ọpọlọ, àtè kan wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní thermal paste. Ó ń dí àlàfo àárín wọn kí ooru lè ráyè kọjá. Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọṣẹ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹni tó wọ agbádá sínú dánfó lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n sì ti gbogbo fèrèsé.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti ro ti èyí. Bí ooru ọpọlọ bá sún mọ́ 100°C, ìwọ̀n tí omi fi ń hó, yóò dẹ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Bí ooru kò bá rọ̀, á pa ara rẹ̀ kó má bàa jóná. Nítorí náà, kíkú tó ń kú yẹn, ààbò ni. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́.

Eruku ló sábà ń fà á ládùúgbò wa. Ní àsìkò ọyẹ́, ẹ̀fúùfù ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, títí dé Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Eruku títì àti èéfín jẹnẹrétọ̀ tún wà. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí ẹ tó mọ̀, eruku á ti di bí òwú láàárín etí irin náà, ooru kò sì ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ẹ MỌ ÌYÀTỌ̀

Kì í ṣe gbogbo kíkú ni ti ooru. Bó bá jẹ́ ìgbà tí iná ṣẹ́jú ni kọ̀ǹpútà ń kú, ẹ yẹ stabilizer àti UPS wò. Ṣùgbọ́n bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó tó kú, tí kò gbà kí ẹ tún un tàn pẹ́ àfi bó bá sinmi, ooru ni. Bí ẹ bá ń tàn án, tí ẹ ń tẹ Delete tàbí F2 léraléra, púpọ̀ nínú wọn á ṣí ojú ewé kan tó ń sọ ìwọ̀n ooru ọpọlọ. Tiwa kọ 92.

OHUN TÍ Ẹ Ó ṢE, LÁTI ORÍ Ọ̀FẸ́

1. Ẹ kọ́kọ́ gba àkọsílẹ̀ là. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ da ìwé owó kọ sórí flash, kí ẹ sì fi pamọ́ síbòmíràn. Ẹ̀rọ ṣeé rà, àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá kò ṣeé rà.

2. Ẹ gbé e kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù àti lára ògiri. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ibẹ̀ ni eruku pọ̀ sí. Ẹ ká ọ̀rá àti aṣọ kúrò lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Fáànù kò lè mú ọpọlọ tutù ju afẹ́fẹ́ inú yàrá lọ, nítorí náà ẹ ṣí fèrèsé.

3. Ẹ gbọn eruku rẹ̀. Ẹ pa á, ẹ yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ẹ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ kí ìyókù iná lè tán. Ẹ tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ àti pọ́ǹpù kẹ̀kẹ́ gbọn ún ní ìta gbangba. Ẹ fi ìka di fáànù mú kó má bàa yí. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á tá sí i. Ẹ má sì gbé e lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà o! Afẹ́fẹ́ táyà máa ń ní omi àti òróró nínú.

4. Bó bá ṣì ń gbóná, ẹ pààrọ̀ àtè. Ó máa ń gbẹ bó bá pẹ́. Ẹ rọra yí irin náà sọ́tùn-ún sósì kí ẹ tó gbé e, kó má bàa fa ọpọlọ tu. Ẹ fi sípíríìtì nu ti àtijọ́ kúrò, kí ẹ kán èyí tó tó hóró ìrẹsì kan sí àárín. Àwọn kan ń lo ọṣẹ ìfọyín tàbí Vaseline. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Kò ní pẹ́ tí yóò fi gbẹ tàbí yọ́ dànù.

5. Bí fáànù kò bá yí dáadáa, ẹ ra òmíràn. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ lè dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwòsàn.

Ohun kan tí ẹ kò gbọdọ̀ tú ni àpótí irin tí wáyà iná wọ̀. Iná ṣì lè wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ wáyà, ó sì lè pa ènìyàn. Oníṣẹ́ ni kí ó fọwọ́ kàn án.

BÍ Ẹ BÁ FẸ́ LỌ RA FÁÀNÙ

Computer Village ní òpópó Ọ̀tìgbà, Ìkẹjà, kò jìnnà sí wa. Àdúgbò ilé gbígbé ni tẹ́lẹ̀, kí àwọn oníkọ̀ǹpútà tó sọ ọ́ di ọjà. Ẹ mú fáànù àtijọ́ lọ́wọ́ lọ. Ẹ fi wọn ara wọn, nítorí 80, 92 àti 120 mìlímítà ló wọ́pọ̀. Ẹ ka ihò ẹnu wáyà rẹ̀, mẹ́ta ni àbí mẹ́rin. Tòkunbọ̀ ṣeé rà, ṣùgbọ́n kí wọ́n tàn án níṣojú yín kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì gba rìsíìtì.

Ìgbésẹ̀ kẹta àti ìkẹrin ló wo tiwa sàn. Àtè nìkan ni a rà. Nígbà tí a tún wò ó, ó kọ 54, láti ìgbà náà ló sì ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A ti pinnu pé a ó máa gbọn ún ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti ní oṣooṣù bí ọyẹ́ bá dé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́, a ó máa da àkọsílẹ̀ yín kọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń dúró de ẹ̀yáwó, owó yín wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án. Ẹ tún wá gba ìwé ìṣirò yín, ó ti ṣe tán. Ẹni tí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bá sì ń ṣe bíi tiwa, kó wá bi wá léèrè kó tó náwó.

Ire o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́, ní orúkọ Ìgbìmọ̀