Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Bí Àwòrán Ènìyàn Ṣe Rìn Láti Ọ̀dọ̀ Ọnàbólú Dé Ọ̀dọ̀ Tutu

Ní ọdún 1906, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì ju bí ọdún mẹ́rìnlélógún lọ ya àwòrán Ìyáàfin Spencer Savage, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀làjú obìnrin Èkó ayé ìgbà náà. Àìná Ọnàbólú ni orúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin yìí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán kankan ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Àwòrán inú ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìròyìn Òyìnbó ló ń wò láti kékeré, tó ń dà wọ́n kọ sórí bébà títí ọwọ́ rẹ̀ fi yọ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ akọ̀wé ló fi ń jẹun ní Èkó. Ìgbà tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń gbé bírọ́ọ̀ṣì.

Àwòrán Ìyáàfin Savage yìí ni àwọn onímọ̀ máa ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n bá ń sọ ibi tí àwòrán ènìyàn ti ìgbàlódé ti ṣẹ̀ wá ní Nàìjíríà. Ẹni tó bá wò ó lónìí lè má rí nǹkan bàbàrà níbẹ̀: obìnrin kan ṣáà ni, tó fara balẹ̀, tó wọṣọ dáadáa. Ìdí tí iṣẹ́ náà fi ṣe pàtàkì wà nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nígbà tí wọ́n yà á.

Lásìkò náà, ọ̀pọ̀ Òyìnbó ló gbà pé adúláwọ̀ lè gbẹ́ ère, ó lè hun ẹní, ó lè pa aró, ṣùgbọ́n kò lè jókòó ti ènìyàn kó yà á kó jọ ọ́. Ìyẹn, lójú tiwọn, iṣẹ́ ọpọlọ ni, ti Yúróòpù nìkan sì ni. Ní ọdún 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan tó ń jẹ́ Leo Frobenius dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí àwọn orí amọ̀ àti orí idẹ tí àwọn baba ńlá wa ṣe, tí imú wọn, ètè wọn àti ìpéǹpéjú wọn rí bíi ti ènìyàn gan-an. Dípò kó gbà pé ọwọ́ ọmọ Ifẹ̀ ló ṣe é, ó ní àwọn Gíríìkì tó ti wá tẹ̀dó síbí láyé àtijọ́ ni wọ́n fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wú ọ̀pọ̀ orí idẹ jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́. Lónìí, kò sí onímọ̀ kan tó ń ṣiyèméjì mọ́ pé ọmọ Ifẹ̀ ló ṣe wọ́n, láàrin nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún.

Kì í ṣe Ifẹ̀ nìkan. Ní Ọ̀wọ̀, bí ènìyàn pàtàkì bá kú, wọ́n máa ń gbẹ́ àkó rẹ̀, ère tó tó ènìyàn ní gígùn, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, wọ́n á sì gbé e káàkiri ìlú níbi ìsìnkú kejì. Ojú àkó gbọ́dọ̀ jọ ojú olóògbé, kí àwọn ará ìlú lè rí i pé ẹni wọn ni wọ́n ń sìn. Nítorí náà, jíjọ ènìyàn kì í ṣe àjèjì sí wa. Ohun tó jẹ́ àjèjì ni ọ̀dà olóròóró, kánfáàsì tí wọ́n nà sórí igi, àti ọgbọ́n tí àwọn ará Yúróòpù fi ń mú kí àwòrán tó wà lórí ohun pẹlẹbẹ dà bíi pé ó jìn wọnú. Ọgbọ́n yìí ni Ọnàbólú ní òun fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn, kó sì lò ó fún àwọn ènìyàn tirẹ̀.

Ní 1920, ó tẹ ìwé pélébé kan jáde ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọnà. Ọdún yẹn kan náà ló wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán tó wà ní St John's Wood. Ó tún kẹ́kọ̀ọ́ ní Académie Julian ní ìlú Paris. Nígbà tó máa fi padà sílé ní 1922, ó ti gba ìwé ẹ̀rí ìyàwòrán àti ti olùkọ́. Ọdún tó padà dé yìí náà ló ya Sisi Nurse, tí ó wà lára àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn jù. Ó ya Dókítà Sapara, ó sì ya ọ̀pọ̀ nínú àwọn gbajúmọ̀ Èkó.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn tó yàn láti yà: dókítà, nọ́ọ̀sì, ìyá ilé tó kàwé. Ìgbà tí àwọn Òyìnbó ń ya adúláwọ̀ gẹ́gẹ́ bí aláàárù tàbí ẹni tí wọ́n wá wò bí ìran, Ọnàbólú ń yà wọ́n bí ẹni tó ní orúkọ, tó ní iṣẹ́, tó sì mọ iyì ara rẹ̀. Ohun tó wà nídìí àwòrán ènìyàn nìyẹn. Kì í wulẹ̀ sọ pé lágbájá rí báyìí. Ó ń sọ irú ojú tí ayàwòrán fi wo lágbájá. Ẹni tó bá fẹ́ mọ rírì àwòrán àtijọ́, ìbéèrè tó yẹ kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ǹjẹ́ ẹni tó yà á bọ̀wọ̀ fún ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀?

Ọnàbólú bẹ ìjọba kí wọ́n jẹ́ kí òun máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìyàwòrán. Kò rọrùn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn wọ́n gbà fún un, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé ìwé kan dé òmíràn ní Èkó, títí kan King's College àti CMS Grammar School. Ẹ̀kọ́ tó ń tẹnu mọ́ jù ni bí nǹkan ṣe ń kéré bó bá ṣe ń jìnnà sí ojú: bí títì ṣe ń fún pọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, bí òpó iná tó wà níwájú ṣe ga ju ti ẹ̀yìn lọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n. Ó tẹnu mọ́ ọn débi pé àwọn ọmọ ilé ìwé sọ ọ́ ní Mr Perspective.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ, nítorí ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà. Ayàwòrán tó fẹ́ lo ọ̀dà olóròóró á kọ́kọ́ kun kánfáàsì kí ó má baà fa òróró mu. Lẹ́yìn náà á fi ọ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sàmì sí ibi tí òjìji wà: abẹ́ àgbọ̀n, ẹ̀gbẹ́ imú, ihò ojú. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bà ni wọ́n máa ń fi sí ìkẹyìn, ọ̀dà ibẹ̀ ló sì máa ń nípọn jù. Ọ̀dà olóròóró kì í yára gbẹ; ó lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí ayàwòrán lè po ìmọ́lẹ̀ mọ́ òjìji títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi yípo bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gidi.

Ara dúdú ló tún le jù níbẹ̀. Ẹni tó bá kàn da ọ̀dà dúdú mọ́ pupa, ojú òkú ni yóò yà. Ara wa ní yẹ́lò nínú, ó ní pupa, ó sì ní búlúù. Bí ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ bá ba iwájú orí ẹni tó dúdú, àwọ̀ ojú ọ̀run á hàn níbẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́. Bí ó bá wọ aṣọ pupa, pupa náà á tàn sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí ẹ bá dúró níwájú àwòrán tó dára, ẹ kọ́kọ́ sún sẹ́yìn kí ẹ rí ènìyàn náà lódindi. Lẹ́yìn náà ẹ sún mọ́ ọn títí ojú yín á fi rí ipa bírọ́ọ̀ṣì. Ohun tí ẹ rò pé ojú ni á di ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àmì funfun bíńtín lórí ẹyin ojú. Àmì funfun yẹn ló ń mú kó dà bíi pé ẹni náà ń wò yín. Ẹ fi ìka bò ó lójú inú yín, ẹ ó rí i pé ẹ̀mí fò lọ.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ jù fún ẹnìkan ṣoṣo, Ọnàbólú rọ ìjọba kí wọ́n mú olùkọ́ mìíràn wá láti Ìlú Ọba. Bí Kenneth Murray ṣe dé ní 1927 nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà àwọn méjèèjì ò pàdé. Murray fẹ́ kí àwọn ọmọ máa wo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀ wọn, kí wọ́n máa ya ohun tó wà láyìíká wọn lọ́nà tiwọn. Kò fẹ́ kí wọ́n máa wo Yúróòpù kọ. Ọnàbólú ní tirẹ̀ gbà pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọ Òyìnbó ni kí wọ́n fún ọmọ tiwa, láìdín kan. Ó yani lẹ́nu: Òyìnbó ló ń gbèjà ìbílẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú ló ń bèèrè ti Òyìnbó. Síbẹ̀, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tó wá lẹ́yìn wọn mú nínú ti méjèèjì.

Ọ̀kan nínú wọn ni Akínọlá Láṣekàn, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí àwọn ènìyàn mọ̀ jù fún àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ń yà sínú ìwé ìròyìn West African Pilot láti fi bá ìjọba amúnisìn jà, àmọ́ tó tún fi ọ̀dà ya àwọn ọba àti ìjòyè lọ́nà tó wuyì. Èkejì ni Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha tí wọ́n bí ní 1917, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ agbẹ́gilére. Murray ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Slade ní Lọ́ńdọ̀nù, òkìkí rẹ̀ sì kàn débi pé Ọbabìnrin Elizabeth Kejì jókòó fún un láti fi ṣe ère idẹ, tí ó parí ní 1957.

Láti 1971 sí 1975, Enwonwu jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ifẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí ọmọbìnrin kan tó ń rìn lọ ní 1973. Adétutù, Tutu ní ìkékúrú, ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Ọọ̀ni Adémilúyì tó wà lórí ìtẹ́ títí di 1930. Ẹwà rẹ̀ wọ ayàwòrán náà lọ́kàn, ó sì lọ bẹ àwọn òbí rẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kó yà á. Ìgbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yà á.

Nínú èyí tó yà ní 1974, Tutu yí ara sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Gèlè wà lórí rẹ̀, aṣọ rọra wé mọ́ èjìká, ọrùn rẹ̀ gùn. Kò sí ààfin lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ rẹpẹtẹ, kò sí ohunkóhun tó ń pariwo pé ọmọ ọba nìyí. Gbogbo ìmọ́lẹ̀ ló kó sí ojú. Ìjókòó rẹ̀ nìkan ló fi sọ ìdílé tó ti wá. Ọgbọ́n Ọnàbólú wà níbẹ̀ nínú bí àgbọ̀n ṣe yọ síta láti inú òjìji. Ìfarabalẹ̀ àwọn orí Ifẹ̀ náà sì wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà parí ni ọmọ Ìgbò yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọmọ ọba Yorùbá pẹ̀lú irú ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé àwọn ènìyàn sọ àwòrán náà di àmì ìlàjà. Ẹ̀dà rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà wọ pálọ̀ káàkiri Nàìjíríà. Àwọn ojúlówó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹnikẹ́ni ò rí mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tó di 2017 tí wọ́n rí ti 1974 nínú fúláàtì ìdílé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, lára ògiri lásán. Àwọn tó ni ín kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Èrèlé, ọdún 2018, ilé gbàǹjo Bonhams gbé e jáde. Iye tí wọ́n fojú dá a kò ju £300,000 lọ. £1,205,000 ni wọ́n tà á.

Owó yẹn ló gba ojú ìwé ìròyìn nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tó kàn wá wà níbòmíràn. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní Èkó, Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú àti Ìbàdàn ni wọ́n ní àwòrán bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tí ẹnìkan fi ọwọ́ yà láyé ọjọ́un. Eruku ti bò ó, wọ́n sì ti gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé fọ́tò aláwọ̀ mèremère ti dé. Ẹ gbé e jáde. Ẹ wo igun ìsàlẹ̀ bóyá ẹ ó rí orúkọ ẹni tó yà á àti ọdún. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ padà, nítorí wọ́n máa ń kọ nǹkan síbẹ̀ náà. Ẹ má fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ má gbé e sí ojú oòrùn, ẹ má sì jẹ́ kí ayàwòrán ojú pópó tún ọ̀dà kùn ún. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun sí i, ẹ bi àwọn àgbà ilé pé ta ni ẹni inú àwòrán, kí ni ó ń ṣe láyé rẹ̀, ta ló sì yà á, kí ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá kú tán, ojú lásán ni yóò kù lórí kánfáàsì, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ á sì ti bá a lọ.