Èéfín Ọkọ̀ Tí Ó Ti Gbó

Mọ́tò Peugeot 504 kan tí ó ti gbó ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń kó àgbàdo àti tòmátì láti Kétu lọ sí ọjà. Ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní èéfín rẹ̀ pọ̀ jù. Mẹkáníìkì kan ní àfi kí òun tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Owó tí ó dárúkọ tó ra màlúù! Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ ta àgbàdo inú àká. Ọpẹ́ ni pé kò tíì tà á.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo àwọ̀ èéfín náà.

Bí ó bá dúdú, ẹ̀sáǹsì ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yin ìyá wa mọ èyí: bí a bá ki igi kún ààrò tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọlé, èéfín ni yóò máa rú.

Bí ó bá dà bí aró, ọ́ìlì ni ó ń jó. Ẹ ó rí i pé ọ́ìlì ń dín kù. Ohun kan ti jẹ nínú ẹ́ńjìnnì, àtúnṣe rẹ̀ sì wọ́n.

Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ kì í ṣe nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ó bá ki, tí kò dáwọ́ dúró, tí omi rédíétọ̀ sì ń gbẹ, omi ti ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ẹ má ṣe ṣí rédíétọ̀ nígbà tí ó gbóná o!

Èéfín ti ẹ̀gbọ́n mi dúdú. Mẹkáníìkì àgbàlagbà kan ṣí ẹ́ńjìnnì wò, ó bi í pé:

– Àbúrò, ìgbà wo ni o ti pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ yìí?

– Bàbá, n kò mọ̀ pé ó ní asẹ́.

Eruku pupa ojú ọ̀nà wa ti dí i pa. Bàbá fi tuntun sí i. Ó nu àwọn pílọ́ọ̀gì, tí wọ́n dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó fọ kábúrétọ̀, ó sì dín ẹ̀sáǹsì tí ń wọlé kù. Owó rẹ̀ kò tó ti àpò àgbàdo méjì. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi wa ọkọ̀ náà títí yóò fi gbóná dáadáa kí ó tó dé ibi àyẹ̀wò, nítorí ẹ́ńjìnnì tútù máa ń rú èéfín jù. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yege.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó burú jù nínú èéfín, ojú kò rí i, imú kò gbọ́ òórùn rẹ̀. Kábọ́ọ̀nù mònọ́síìdì ni orúkọ rẹ̀. Ó máa ń gba ipò afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Orí á máa fọ́ni, òòyì á kọ́ni, èébì á gbéni, oorun á kunni, ikú sì lè tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, alùpùpù tàbí jẹnẹrétọ̀ nínú ilé, kódà bí fèrèsé bá ṣí. Bí ó bá mú ẹnìkan, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ gbé e jáde síta, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.