Bí òbí bá ń ṣarán: Ohun tó yẹ kí ọmọ wò kó tó gbé e lọ sílé ìtọ́jú àgbà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Òwe yìí rọrùn láti pa nígbà tí Bàbá ṣì ń dá lọ sóko, tó ń dá bọ̀, tí Ìyá ṣì ń ka owó ọjà rẹ̀ láìṣì í kà. Ọjọ́ tó máa ń ṣòro ni ọjọ́ tí Ìyá bá tẹjú mọ́ ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀, tó wá bi í pé, "Ìwọ yìí, ọmọ ta ni?"

Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ kì í jọ àìsàn. Ìyá á gbé ìkòkò kaná, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Á ní wọ́n jí owó òun, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kó o sábẹ́ ẹní. Á béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀marùn-ún kí wọ́n tó jẹun tán. Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àgbà ló dé. Nígbà tó bá yá, á jáde nílé lóru, á ní òun ń lọ sílé bàbá òun, ilé tó ti wó láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti máa ń tán.

Ṣíṣarán ni àwọn baba wa ń pè é. Àwọn dókítà ń pè é ní dementia. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni Alzheimer, tí wọ́n fi sọrí dókítà ará Jámánì, Alois Alzheimer, ẹni tó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1906. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé mílíọ̀nù 57 èèyàn ló ń bá a yí lọ́dún 2021, àti pé àwọn tó ju ìdajì wọn lọ ló wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ lówó lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá rárá. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Indiana ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí àwọn tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, àti láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú Indianapolis. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì wà lára àwọn tó léwájú níbẹ̀. Èsì tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé nínú 1,000 àgbà Ìdíkàn, bíi 13 sí 14 ni àìsàn náà ń mú lọ́dọọdún, nígbà tó jẹ́ bíi 32 nínú 1,000 ní Indianapolis. Ìròyìn ayọ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n kò sọ pé àìsàn náà kò sí nílé wa. Ẹni tó bá sì ti wọ ilé rẹ̀ kò ní fi iye tó wà nílé ẹlòmíì tu ara rẹ̀ nínú.

Ta ló gbé ìyá rẹ̀ jù nù?

Ohun méjì ló máa ń mú kí ẹbí fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́. Àkọ́kọ́ ni ìbẹ̀rù ẹnu ayé. Láwọn ibì kan, ìyá arúgbó tí wọ́n bá bá níta láàárọ̀ kùtù, tí kò lè sọ ibi tó ti wá, wọ́n á ní àjẹ́ ni, wọ́n á ní ojú ọ̀run ló ti já bọ́. Ẹlòmíì á gbé òkúta, ẹlòmíì á gbé igi. Bẹ́ẹ̀, ìyá tó ṣìnà ni. Iyè rẹ̀ ló ra, kò mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Èkejì ni ìtìjú. Ọmọ tó bá dárúkọ ilé ìtọ́jú àgbà láàárín ẹbí, ojú burúkú ni wọ́n máa fi wò ó. Wọ́n á ní ó fẹ́ gbé ìyá rẹ̀ jù nù, wọ́n á ní ìwà òyìnbó ni. Ọ̀rọ̀ náà ní ìdí, nítorí àwa Yorùbá gbà pé ọmọ ló ni ìtọ́jú òbí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí ilé ṣe rí báyìí. Ọmọ kan wà l'Ékòó, ọ̀kan wà l'Ábùjá, ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá nìkan ló kù sílé pẹ̀lú ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọdún 15. Nígbà míì, ńṣe ni wọ́n á ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti àárọ̀ títí dalẹ́ kó má baà sọnù. Ó wà nílé ọmọ rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó mọṣẹ́, tó ń lọ wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti ọmọ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, èwo ló gbé e jù nù nínú àwọn méjèèjì?

Ọ̀dọ̀ dókítà ni ká kọ́kọ́ lọ

Kí ẹnikẹ́ni tó ronú ibi tí òbí yóò máa gbé, dókítà ló yẹ kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni ṣíṣarán. Àìsàn ilé ìtọ̀ lè da orí àgbà rú láàárín ọjọ́ mélòó kan. Oògùn oorun tàbí àpọ̀jù oògùn lè fà á. Ìbànújẹ́ lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya, àìtó vitamin B12 nínú ara, àní etí tó di pàápàá, lè mú kí àgbà dà bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra. Púpọ̀ nínú àwọn wọ̀nyí ló ní àtúnṣe. Alzheimer ní tirẹ̀ kò tíì ní oògùn tó ń wò ó sàn pátápátá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oògùn kan lè dín wàhálà rẹ̀ kù fáwọn kan fún ìgbà díẹ̀.

N'Ìbàdàn, ọsibítù UCH ní ẹ̀ka tó wà fún àwọn àgbà nìkan, ìyẹn Chief Tony Anenih Geriatric Centre, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2012. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jìn lè bẹ̀rẹ̀ láti ọsibítù ìjọba tó sún mọ́ ọn, kó ní kí wọ́n kọ ìwé fún òun lọ sọ́dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ.

Ilé wa ni àbí ilé wọn?

Bí dókítà bá ti sọ pé ṣíṣarán ni, ìbéèrè tó kàn ni irú ìrànlọ́wọ́ tí òbí nílò. Ẹni tó ṣì mọ ilé, tó kàn nílò ẹni tí yóò bá a po omi ìwẹ̀, tí yóò rán an létí oògùn, lè wà nílé rẹ̀ pẹ̀lú olùtọ́jú tó ń wá lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń rìn jáde lóru, tó ń tan iná sílẹ̀, tí kò mọ ìgbà tó fẹ́ tọ̀, nílò ojú tí kì í sùn. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣe é tọ̀sán tòru. Lọ́pọ̀ ilé, ìyàwó tàbí ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n di ẹrù náà lé lórí, títí òun náà yóò fi dùbúlẹ̀ àìsàn.

Ilé ìtọ́jú àgbà kò pọ̀ nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n ó wà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní ọ̀kan ní Yábàá. Ìjọ Kátólíìkì ní Regina Mundi ní Múṣin. Àwọn aládàáni náà ti ń dá tiwọn sílẹ̀ láwọn ìlú ńlá, àwọn míì sì ń rán olùtọ́jú wá sílé ẹni. Kì í ṣe gbogbo wọn ló mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni tó ń ṣarán. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí ọmọ wo kìkì ọ̀dà ara ògiri àti òdòdó tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó yẹ kí ojú rí níbẹ̀

Ẹ lọ síbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ nípa ti àkọ́kọ́, ẹ má sọ ti ẹ̀ẹ̀kejì fún wọn. Ẹ lọ nígbà oúnjẹ, kí ẹ rí i bóyá ẹnì kan ń fi sùúrù bọ́ ẹni tí kò lè dá jẹun, àbí ńṣe ni wọ́n gbé abọ́ síwájú rẹ̀ tí wọ́n sì tún gbé e kúrò. Ẹ lọ nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú, nítorí ìrọ̀lẹ́ ni ara ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣarán kì í balẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn fẹ́ máa lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí imú yín ṣiṣẹ́. Bí ilé bá ń rùn fún ìtọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, wọn kì í tètè pààrọ̀ aṣọ nìyẹn. Ẹ wo ara àwọn tó wà níbẹ̀ bóyá egbò àdùbúlẹ̀ wà níbàdí tàbí gìgísẹ̀. Ẹ wò ó bóyá wọ́n de ẹnikẹ́ni mọ́ àga, àti bóyá gbogbo wọn ló ń sùn lọ́sàn-án gangan bí ẹni tí wọ́n fún ní oògùn oorun. Ẹ fetí sí bí àwọn olùtọ́jú ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀. Ṣé wọ́n ń pè é ní Màmá, ní Bàbá, àbí wọ́n ń jágbe mọ́ ọn bí ọmọdé?

Ẹ béèrè iye àgbà tó wà lọ́wọ́ olùtọ́jú kan lọ́sàn-án, kí ẹ sì béèrè ti òru lọ́tọ̀. Ẹ béèrè iye ọdún tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, nítorí ibi tí òṣìṣẹ́ kì í pẹ́ sí, àgbà tó ń gbàgbé kò ní rí ojú tó mọ̀. Ẹ wo ọgbà: ṣé ó ní àyè tí èèyàn lè rìn yíká láìjáde sí títì? Ṣé wọ́n bo kànga? Ọsibítù wo ni wọ́n máa gbé e lọ bí ara rẹ̀ bá yí padà lóru, ọkọ̀ wo ni wọ́n sì máa fi gbé e?

Ní ti owó, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, pé èyí ni owó oṣù, pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí, pé ta ni yóò ra oògùn àti pámpá. Kí wọ́n fi ìwé tí wọ́n fi gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba hàn yín. Kí ẹ̀yin ọmọ náà pín owó láàárín ara yín kí ẹ tó gbé òbí lọ, nítorí ìjà owó ló máa ń lé ọ̀pọ̀ àgbà kúrò níbi tí ara ti tù wọ́n.

Bí ọmọ bá wà lókè òkun

Àwọn ọmọ kan máa ń fẹ́ gbé òbí lọ sọ́dọ̀ wọn. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tí Genworth àti CareScout ṣe lọ́dún 2024 fi hàn pé iye àárín tí ilé tí wọ́n ti ń ran àgbà lọ́wọ́ ń gbà jẹ́ 70,800 dọ́là lọ́dún. Ẹ̀ka tó wà fún àwọn tí iyè wọn ti ra sì máa ń wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Medicare, ètò ìlera tí ìjọba wọn ṣe fún àwọn àgbà, kì í san owó ibùgbé yìí. Ní England, àjọ kan tó ń jẹ́ CQC ló ń yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀ wò, tí wọ́n á sì pín wọn sí ipò mẹ́rin, láti orí èyí tó dára gan-an dé orí èyí tí kò dára tó. Ẹnikẹ́ni ló lè ka èsì rẹ̀ kó tó yan ilé.

Ohun kan wà tí owó kò lè yanjú. Lọ́pọ̀ ìgbà, èdè tí èèyàn fi dàgbà ló máa ń pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù nígbà tí iyè bá ń ra. Ìyá tó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún pípẹ́ lè má rántí rẹ̀ mọ́, kó jẹ́ Yorùbá nìkan ló kù. Bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, tí kò sì sí ẹni tó gbọ́ "ẹ fún mi lómi" nínú gbogbo ilé náà, kí ni àǹfààní bẹ́ẹ̀dì tó dára? Ọmọ tó bá fẹ́ yan ilé níbẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹnì kan wà tó gbọ́ èdè rẹ̀, bóyá wọ́n á jẹ́ kí ọmọ gbé àmàlà wá, bóyá wọ́n á jẹ́ kó kírun tàbí kó gbàdúrà bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ sọ ọ́ báyìí

Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni àwọn àgbà tí iyè wọn ṣì pé. Bí àìsàn náà bá ti wọlé tán, ẹlòmíì ló máa yàn fún yín. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ nígbà tí orí ṣì pé. Ẹ sọ ibi tí ẹ fẹ́ máa gbé, ẹni tí ẹ fẹ́ kó máa wẹ̀ yín, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún yín lọ́dọ̀ dókítà. Ẹ fi ìwé ilẹ̀ àti ìwé báńkì hàn wọ́n. Bó bá jẹ́ ìwé ìhágún lẹ fẹ́ ṣe, ẹ ṣe é báyìí, nítorí òfin kò ka èyí tí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé bá ṣe sí.

Ẹ̀yin ọmọ náà, iṣẹ́ kò parí lọ́jọ́ tí ẹ gbé òbí débẹ̀. Ẹ kó aṣọ tó mọ̀, ẹní rẹ̀, rédíò rẹ̀ àti fọ́tò àwọn èèyàn rẹ̀ lọ. Ẹ sọ iṣẹ́ tó ṣe láyé fún àwọn olùtọ́jú, ẹ sọ ohun tó ń dùn mọ́ ọn àti ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ kọ́ wọn ní oríkì rẹ̀. Orin àti oríkì máa ń pẹ́ lọ́kàn ju orúkọ lọ. Ìyá tí kò mọ ọmọ tó jókòó tì í mọ́ lè gbọ́ oríkì orílẹ̀ rẹ̀, kó gbé orí sókè, kó sì gba èyí tó kù lẹ́nu ọmọ náà.