Oorun, ooru àti iṣan ara wa ní Gadumo

Ẹni tó bá ti gbé Gadumo rí nínú oṣù Kẹta mọ ohun tí à ń pè ní ooru. Ògiri ti gba oòrùn sára látàárọ̀, tó bá di aago mẹ́wàá alẹ́, òun náà á wá máa tú u jáde sára ẹni. NEPA ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń pariwo. Bí a bá pàdé ní ìpàdé ẹgbẹ́, tá a kí ara wa tán, ohun tí à ń gbọ́ ni "mi ò rí oorun sùn" àti "àyà mi ń já."

Àwọn iṣan tín-ín-rín kan wà tó ń gbé iṣẹ́ láti ọpọlọ lọ sí ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró àti inú, láìjẹ́ pé a rán wọn. Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín sí. Ọ̀kan ló ń ta wá jí: ká ṣàdédé rí ejò, ọkàn á máa lù kìkì, òógùn á bò wá. Èkejì ló ń rọ ara sílẹ̀, tó ń jẹ́ kí oúnjẹ dà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara ò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ejò àti ìpè tó wá láti ilé pé owó ilé ìwé ò tíì pé.

Fún àwa tá a wà létí odò, ọ̀rọ̀ omíyalé tún wà níbẹ̀. Lokoja ni Odò Ọya àti Benue ti pàdé, a sì rí ohun tí omi ṣe lọ́dún 2012 àti 2022. Títí di òní, bí òjò oṣù Kẹsàn-án bá ti ń rọ̀ lóru, àwọn kan nínú wa kì í sùn mọ́. Ojo kọ́ ni wọ́n. Ara ló ń rántí.

Èémí ló yá jù láti fi rọ ara. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú, ẹ ka ení dé ẹẹ́rin, kẹ́ ẹ wá rọra mí i síta, ẹ kà á dé ẹẹ́fà. Bí a bá ń mí síta, ọkàn máa ń dẹ ìlù rẹ̀, torí iṣan gígùn kan tó ti ìsàlẹ̀ ọpọlọ gba ọrùn lọ sí inú. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àwa náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Ọ̀rọ̀ obì ló máa bí àwọn àgbà nínú. Kaféènì tó wà nínú kọfí ló wà nínú obì, ó sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò lára. Obì tá a jẹ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lára ní aago mẹ́wàá. A ò ní ká má fi obì gba àlejò o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ ẹ́ láàárọ̀.

Aago kan wà nínú ọpọlọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń tún un ṣe. Lọ́dún 2017, ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta gba ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ jáde rìn díẹ̀ kí oòrùn tó mú, kẹ́ ẹ sì gbé fóònù sílẹ̀ lálẹ́. Ara ní láti tutù díẹ̀ kí oorun tó wọlé, nítorí náà ẹ wẹ̀ kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ má sì nu ara gbẹ tán: omi tó ń gbẹ lára ń gbé ooru lọ.

Èyí tó kù ni ìdánìkanwà. Lọ́dún 1954, Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ kí àwọn aláìsàn ọpọlọ máa gbé pẹ̀lú ìbátan wọn láàárín àwọn ará abúlé tó wà nítòsí Aro, l'Ábẹ́òkúta, kí wọ́n máa gba ìtọ́jú ọsibítù níbẹ̀. Ó mọ̀ pé èèyàn wà lára oògùn. Ẹni tí kò wá sípàdé lẹ́ẹ̀mejì, ká lọ kàn án nílé.

Bí àìsùn bá lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tàbí tó ń ṣe èèyàn bíi kó kú, ọsibítù ni kó lọ. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ torí pé ó ń mí dáadáa kó pa á tì.