Márùndínláàádọ́ta: Ọ̀nkà Yorùbá àti Ìbẹ̀rẹ̀ Áljẹ́brà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Gbólóhùn kan wà tó máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lẹ́sẹ̀: Bísí fi ọdún márùn-ún kéré sí Kúnlé. Bí a bá fi x dúró fún ọjọ́ orí Kúnlé, àwọn kan a kọ 5 − x fún ti Bísí, nítorí pé márùn-ún ni etí kọ́kọ́ gbọ́. Ohun tó tọ́ ni x − 5.

Ọmọ tó gbọ́ ọ̀nkà Yorùbá ti ń la irú èyí já kí ó tó mọ ìwé kọ. Nínú márùndínlógójì, márùn-ún ni a kọ́kọ́ pè, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ yọ ogójì kúrò nínú márùn-ún. 40 − 5 ni gbogbo wọn gbọ́.

Márùndínláàádọ́ta tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Ọgọ́ta tó dín mẹ́wàá ni àádọ́ta. A wá yọ márùn-ún sí i. Lójú pátákó, (20 × 3) − 10 − 5 ni. Kí olùkọ́ fi x rọ́pò 3, kí ó sì kó ìyókù jọ: 20x − 15. Bí x bá jẹ́ 4, márùndínláàádọ́rin, ìyẹn 65, dé; bí ó bá jẹ́ 5, márùndínláàádọ́rùn-ún, 85. Bí ó bá jẹ́ 2, 25 náà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé ọgbọ̀n ní orúkọ tirẹ̀. Ó dára kí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ṣàwárí èyí.

Ọ̀nà yìí ní ààlà. Dín kì í yọ èyí tó pọ̀ kúrò nínú èyí tó kéré, nítorí náà gbèsè ni a ó fi ṣàlàyé nọ́ńbà tí kò tó òdo: ẹni tó ní 200 náírà, tó sì jẹ gbèsè 350, wà ní −150.

Ètò tí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970 fi Yorùbá kọ́ni ní ìṣirò jálẹ̀ ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà girama ló parí sí, níbi tí x ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ń fi Gẹ̀ẹ́sì pe 35 nínú ilé pàápàá. Olùkọ́ kò lè gbà pé ọ̀nkà ti wà nílẹ̀ fún irú wọn. Yóò kọ́kọ́ kọ́ wọn ni, nínú àkókò ìṣirò fúnra rẹ̀, kí a má tì í sí ọrùn olùkọ́ èdè.